Wọ́n yọ ọ́ nípò mínísítà, kò kúrò nílé aṣòfin: ọ̀rọ̀ Harriet Harman

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Ìbàdàn ni mo wà. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti ń gbé Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù láti 1994. Nígbàkígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ òṣèlú lórí fóònù, Harriet Harman ló máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ, pé obìnrin yẹn ti ń ṣojú Peckham láti 1982, títí di 2024. Ohun tó rú mi lójú ni pé ẹ̀gbọ́n mi yìí kan náà ló sọ pé wọ́n lé e kúrò nípò mínísítà ní 1998. Báwo ni wọ́n ṣe ń lé èèyàn tí kò ní lọ? Ṣé kò sí gbèdéke sáà lọ́dọ̀ wọn ni? Tó bá sì pẹ́ tó báyẹn, kí ni kò jẹ́ kó di olóòtú ìjọba? Ẹ̀gbọ́n mi tún ní kí n bi yín bóyá òun ṣì lè kọ̀wé sí i lórí ọ̀rọ̀ físà ọmọ òun.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìbéèrè, ẹ sì bá mi kí ẹ̀gbọ́n yín. Ọ̀rọ̀ pé wọ́n lé e tí kò lọ yẹn ni mo máa kọ́kọ́ mú, torí pé ẹni tí ìyẹn bá yé, ìyókù kò ní ṣòro fún un.

Tí ẹ bá fi ojú Nàìjíríà wò ó, ó gbọ́dọ̀ rú yín lójú. Lọ́dọ̀ wa, bí ààrẹ bá fi sẹ́nétọ̀ tàbí ọmọ ilé aṣojú-ṣòfin ṣe mínísítà, òfin 1999 kà á sí pé ó ti fi àga rẹ̀ sílẹ̀ nígbà tó bá ti búra fún ipò tuntun. Ìdí kan ṣoṣo kò lè jókòó sórí àga méjì. Tí ààrẹ bá wá dá a dúró lọ́dún kejì, ilé ló ń lọ, ẹlòmíì ti wà lórí àga àkọ́kọ́. Ní Bìrìtéènì, inú ilé aṣòfin gan-an ni wọ́n ti ń mú mínísítà. Olóòtú ìjọba fúnra rẹ̀, aṣòfin ni, ó ní àdúgbò tó dìbò fún un bíi ti gbogbo àwọn yòókù. Ipò mínísítà jẹ́ iṣẹ́ tí olóòtú ìjọba gbé lé èèyàn lọ́wọ́, ó sì lè gbà á padà láàárọ̀ ọjọ́ kan láì ṣàlàyé fún ẹnikẹ́ni. Àga ilé aṣòfin, àwọn ará àdúgbò ló fún un, olóòtú ìjọba kò lẹ́nu níbẹ̀.

Nítorí náà, nígbà tí Tony Blair, olóòtú ìjọba nígbà náà, yọ Harman ní oṣù Keje 1998, ohun tó ṣẹlẹ̀ kò ju pé ó dìde lórí bẹ́ǹṣì iwájú, ó lọ jókòó sí ẹ̀yìn. Mọ́tò ìjọba lọ, àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ ìjọba lọ. Owó oṣù aṣòfin kò lọ, Peckham kò lọ. Ìdí nìyẹn tí àwọn olóṣèlú ibẹ̀ fi lè ṣubú kí wọ́n tún dìde lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta, tí tiwa fi máa ń tẹ̀ lé gómìnà káàkiri kí wọ́n má bàa ṣubú rárá. Èrò tèmi nìyẹn o, ẹ lè jiyàn ẹ̀.

Gbèdéke sáà kò sí. Ìbò gbogbogbòò gbọ́dọ̀ wáyé kí ilé tó lo ju ọdún 5 lọ, olóòtú ìjọba sì lè pè é kí ọdún 5 ọ̀hún tó pé. Ẹni tó bá ń wọlé, kó máa wọlé lọ. Edward Heath wọlé ní 1950, 2001 ló kúrò. Dennis Skinner, ọmọ awakùsà tí òun náà wa kùsà, ṣojú Bolsover láti 1970 títí ìbò 2019 fi gbé e ṣubú, kò sì fìgbà kankan ṣe mínísítà láàárín ọdún 49 yẹn. Ti Harman, ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá ló dúró fún ìbò, ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá ló wọlé. Èyí tó kọ́kọ́ dú jẹ́ àtúndì ìbò, mẹ́wàá yòókù jẹ́ ìbò gbogbogbòò.

Àtúndì ìbò yẹn wáyé ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹwàá 1982, lẹ́yìn tí Harry Lamborn tó ń ṣojú Peckham kú. Ọmọ ọdún 32 ni Harman nígbà náà, ó sì lóyún. Kì í ṣe ọmọ tálákà. Dókítà ni bàbá rẹ̀, agbẹjọ́rò ni ìyá rẹ̀, àǹtí rẹ̀ ni ìyàwó Lọ́ọ̀dù Longford, iléèwé àwọn ọmọbìnrin olówó ní Lọ́ńdọ̀nù ló lọ. Àwọn tí kò fẹ́ràn rẹ̀ fi ìyẹn bú u títí ó fi fẹ̀yìn tì, pé kí lọmọ olówó ń wá láàárín mẹ̀kúnnù. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó ṣe kó tó dé Peckham kì í ṣe iṣẹ́ ọmọ olówó. Ó ṣe agbẹjọ́rò ní ọ́fíìsì kan ní Brent tó ń gba ẹjọ́ àwọn aláìlówó rò, lásìkò tí àwọn òṣìṣẹ́ Grunwick, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ obìnrin ará Íńdíà láti Ìlà Oòrùn Áfíríkà, daṣẹ́ sílẹ̀ níléeṣẹ́ ìfọfọ́tò. Ibi ìdaṣẹ́sílẹ̀ yẹn ló ti pàdé Jack Dromey, ọmọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, tó padà di ọkọ rẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ló di agbẹjọ́rò fún ẹgbẹ́ kan tó ń jà fẹ́tọ̀ọ́ aráàlú. Ẹjọ́ ẹlẹ́wọ̀n kan dé ọwọ́ rẹ̀. Ó gba àwọn ìwé kan lọ́wọ́ ìjọba nítorí ẹjọ́ ọ̀hún, wọ́n ka ìwé náà sókè nílé ẹjọ́, gbogbo èèyàn gbọ́. Nígbà tó wá jẹ́ kí akọ̀ròyìn kan wo ìwé kan náà, ìjọba ní ó tàpá sí ilé ẹjọ́. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dá a lẹ́bi ní 1982, ọdún kan náà tó wọ ilé aṣòfin. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí pé ní 2001, ẹni tí ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi yìí ni ìjọba fi ṣe igbákejì agbẹjọ́rò àgbà ìjọba, obìnrin àkọ́kọ́ tó jẹ oyè náà.

Níbi ìbò 1982, ọmọkùnrin kan láti ẹgbẹ́ Conservative bá a du àga náà, ipò kẹta ló ṣe. John Redwood lorúkọ rẹ̀. Òun náà rí àga níbòmíì lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ọdún kan náà ni òun àti Harman sì jáde nílé, 2024.

Báwo ni ilé yẹn ṣe rí nígbà tó wọlé? Níbi ìbò 1979, obìnrin 19 ló wọlé nínú aṣòfin 635. Ẹ rò ó wò. Harman bímọ oṣù díẹ̀ lẹ́yìn tó débẹ̀. Kò sí ìsinmi ìbímọ fún aṣòfin, tí agogo ìbò bá sì lù, ẹsẹ̀ ẹni lèèyàn fi ń rìn gba ọ̀nà ìdìbò kọjá kí wọ́n tó kà á. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ìtàn yìí. Lọ́jọ́ kan, wọ́n lọ fẹjọ́ rẹ̀ sun olórí ẹ̀ṣọ́ ilé pé ó gbé ọmọ pamọ́ sábẹ́ jákẹ́ẹ̀tì wọ ọ̀nà ìdìbò, torí pé àjèjì kì í wọbẹ̀, bẹ́ẹ̀ àjèjì ni ìkókó. Kò gbé ọmọ kankan. Ara ìbímọ tí kò tíì fà ni wọ́n rí.

Mo mọ̀ pé ẹ̀rín ló ń pa yín, ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé ìtàn yẹn, mo ṣì ń bọ̀ wá síbẹ̀.

Ọdún 15 ló fi wà lẹ́gbẹ́ alátakò. Nígbà tí Labour, ẹgbẹ́ Harman, wọlé ní oṣù Karùn-ún 1997, obìnrin 120 ló wọlé sí ilé kékeré náà, 101 nínú wọn jẹ́ ti Labour. Ìjà tí Harman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń jà nínú ẹgbẹ́ wà lára ohun tó fà á, pé ní àwọn ẹkùn kan, kí wọ́n máa fi obìnrin nìkan sórí ìwé tí ẹgbẹ́ yóò ti yan olùdíje. Blair fi í ṣe mínísítà fún owó ìrànwọ́ aráàlú, ó sì tún sọ ọ́ di mínísítà àkọ́kọ́ fún ọ̀rọ̀ obìnrin. Gbogbo èèyàn ṣe bí ó ti débi tó ń lọ nìyẹn.

Kò tó ọdún kan àbọ̀. Ṣáájú ìbò, Labour ti ṣèlérí pé fún ọdún 2 àkọ́kọ́, àwọn kò ní ná kọjá iye tí ìjọba Conservative ti là sílẹ̀. Nínú ohun tí Conservative là sílẹ̀ ni dídín owó ìrànwọ́ àwọn ìyá anìkàntọ́mọ kù. Harman, tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ jà fún obìnrin, ló dìde nílé aṣòfin láti gbèjà rẹ̀. Ní oṣù Kejìlá 1997, aṣòfin 47 nínú ẹgbẹ́ tirẹ̀ dìbò tako ìjọba. Ó ṣẹ́gun nínú ìbò náà, ojú tì í lóde. Kì í ṣe ìyẹn nìkan, Blair ti fi Frank Field sábẹ́ rẹ̀ láti máa ronú àtúntò owó ìrànwọ́, ẹnu àwọn méjèèjì kò sì kò rí. Nígbà tí oṣù Keje 1998 dé, àwọn méjèèjì ló jáde nínú ìjọba.

Tí ẹ bá bi mí, mo rò pé kò yẹ kó gbà. Ẹni tó bá fẹ́ dín owó ìyá ọlọ́mọ kù, kó wá ẹlòmíì rán. Àwọn tó ń gbèjà rẹ̀ máa ń sọ pé àpapọ̀ ìgbìmọ̀ mínísítà ló fẹnu kò, pé kò sí bó ṣe lè dá yẹ̀ ẹ́. Ó lè fipò sílẹ̀. Kò fi í sílẹ̀, wọ́n ṣì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ibi tí ìtàn rẹ̀ ti wá yàtọ̀ sí ti ọ̀pọ̀ ẹni tí wọ́n ti yọ nípò nìyí. Ó padà sí Peckham, ó ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn, kò kó lọ sí iléeṣẹ́ aládàáni, kò bínú kúrò lẹ́gbẹ́. Ọdún 3 kọjá kí wọ́n tó pè é sípò igbákejì agbẹjọ́rò àgbà. Ní 2007 ó dìde fún igbákejì olórí ẹgbẹ́. Àwọn mẹ́fà ló du ipò náà, wọn kò sì fojú sí i lára. Alan Johnson ni ọ̀pọ̀ ń sọ pé yóò mú un. Bí wọ́n ṣe ń ka ìbò náà nìyí: olùdìbò yóò to orúkọ bó ṣe wù ú, èkíní, èkejì, ẹ̀kẹta. Ẹni tó bá gbẹ́yìn yóò jáde, ìbò rẹ̀ yóò lọ sọ́dọ̀ ẹni tí àwọn olùdìbò rẹ̀ kọ sípò kejì. Jon Cruddas ló ṣáájú níbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó ku ẹni mẹ́ta, Cruddas fúnra rẹ̀ já bọ́, wọ́n pín ìbò rẹ̀. Harman ní ìdá 50.43 nínú 100, Johnson ní 49.56. Fún ẹni tí wọ́n ti kà kún òkú òṣèlú ní ọdún 9 ṣáájú, mo rò pé ẹ gbà pé iṣẹ́ ńlá ni.

Ẹni tó wà nípò yẹn ṣáájú rẹ̀, John Prescott, igbákejì olóòtú ìjọba ni Blair fi ṣe. Gordon Brown, tó gba ipò olóòtú ìjọba lẹ́yìn Blair, kò fún Harman ní oyè yẹn. Ó fún un ní ipò olórí ètò ìjọba nílé aṣòfin, alága ẹgbẹ́ àti mínísítà obìnrin, ìyẹn iṣẹ́ mẹ́ta láìsí oyè tí ẹni ìṣáájú jẹ. Àwọn ìwé ìròyìn kan yí orúkọ rẹ̀ padà láti fi ṣe yẹ̀yẹ́, pé ó ń fi ọ̀rọ̀ obìnrin yọ àwọn lẹ́nu. Ní oṣù Kẹrin 2008 ni ó dúró nípò Brown láti dáhùn ìbéèrè tí àwọn aṣòfin máa ń bi olóòtú ìjọba lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè, obìnrin Labour àkọ́kọ́ tó ṣe bẹ́ẹ̀.

Òfin Ìdọ́gba ti 2010, ìyẹn gan-an ni iṣẹ́ rẹ̀. Òfin ìfiyàjẹni lórí ẹ̀yà wà lọ́tọ̀ láti 1976, ti obìnrin wà lọ́tọ̀ láti 1975, ti owó oṣù tó dọ́gba láti 1970, ti àwọn aláìlera láti 1995, ó sì ju òfin àti ìlànà 100 lọ tó fọ́n káàkiri. Ó kó gbogbo rẹ̀ sínú ìwé kan. Nǹkan mẹ́sàn-án ni òfin náà dárúkọ tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ tìtorí rẹ̀ fi ìyà jẹ èèyàn, bíi ọjọ́ orí, ẹ̀yà, ẹ̀sìn, oyún àti ìbímọ, àìlera ara. Ọ̀rọ̀ ẹ̀yà yẹn kò mọ sí àwọ̀ nìkan, orílẹ̀-èdè tí èèyàn ti wá wà níbẹ̀. Ọmọ Yorùbá tí ọ̀gá kan bá sọ fún ní Croydon pé òun kì í gba ará Nàìjíríà síṣẹ́, òfin yìí ni agbẹjọ́rò rẹ̀ yóò kọ́kọ́ ṣí.

Ẹ wo àkókò tó fi bọ́ sí i. Brown kéde ìbò ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹrin 2010. Ọjọ́ 8 ni ọba buwọ́ lu òfin náà, Ẹlísábẹ́tì ni ọba nígbà náà. Oṣù tó tẹ̀ lé e, Labour ti kúrò nílé ìjọba. Tó bá pẹ́ díẹ̀ sí i, kò ní bọ́ sí i. Apá kan nínú rẹ̀ tó ní kí àwọn iléeṣẹ́ ńlá sọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín owó ọkùnrin àti ti obìnrin síta, ìjọba tuntun fi í síbẹ̀ láì lò ó fún ọ̀pọ̀ ọdún. 2017 ni ìlànà jáde pé iléeṣẹ́ tó bá ní òṣìṣẹ́ 250 sókè gbọ́dọ̀ kéde rẹ̀. Ìjọba Conservative ló fi òfin obìnrin tí wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ ṣiṣẹ́.

Ẹ béèrè ìdí tí kò fi di olóòtú ìjọba. Olórí ẹgbẹ́ tó bá ní èèyàn jù nílé ló ń di olóòtú ìjọba, Harman kò sì du ipò olórí ẹgbẹ́ rí. Ó ṣe adelé ẹ̀ẹ̀mejì, ní 2010 lẹ́yìn Brown àti ní 2015 lẹ́yìn Ed Miliband, ó sì di ọ̀pá mú fún ẹlòmíì nígbà méjèèjì. Ti 2015 kò dáa rárá. Ìjọba Conservative gbé àbádòfin wá láti gé owó ìrànwọ́, Harman ní kí Labour má dìbò bẹ́ẹ̀ ni, kí wọ́n má dìbò bẹ́ẹ̀ kọ́. Aṣòfin 48 ló kọ̀ ọ́ sí i lẹ́nu, wọ́n dìbò tako àbá náà. Jeremy Corbyn wà nínú wọn, ìbò yẹn sì wà lára ohun tó gbé e dé ipò olórí. Ìgbà kejì nìyẹn tí ọ̀rọ̀ owó ìrànwọ́ ń dá Harman lójú agbo. Ó yà mí lẹ́nu pé kò rántí 1997.

Ẹ jẹ́ ká bọ́ sí Peckham, torí mo mọ̀ pé ohun tí ẹ̀gbọ́n yín fẹ́ gbọ́ nìyẹn. Àga tó dúró sán-ún fún Labour ni. Ní 2017 àti 2019, ohun tó lé ní ìdá 70 nínú 100 ìbò náà ni Harman kó. Ní irú àga bẹ́ẹ̀, ìjà gidi wà nínú ẹgbẹ́ ládùúgbò, níbi tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ti ń yan ẹni tí yóò díje. Ẹni tí wọ́n bá yàn ti wọlé tán kí àpótí ìbò tó dé.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn nílé kò mọ̀. Ọmọ orílẹ̀-èdè Kọmọ́ńwẹ́ẹ̀tì tó ń gbé Bìrìtéènì pẹ̀lú ìwé ìgbélùú tó péye lè forúkọ sílẹ̀ kó sì dìbò yan aṣòfin, ì báà jẹ́ pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà nìkan ló ní lápò. Ará Faransé kò lè dìbò yẹn. Nítorí náà, ní àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Èkó kékeré, níbi tí èèyàn ti ń ra ẹ̀lùbọ́ àti ṣọ̀kọ̀ ní Rye Lane láì sọ gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì kan, àwọn èèyàn wa kì í ṣe àlejò lójú aṣòfin. Olùdìbò ni wọ́n.

Ẹ̀rù àti ẹ̀dùn wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ní oṣù Kọkànlá 2000, wọ́n gún Damilola Taylor, ọmọ ọdún 10 tí kò tíì pé oṣù mélòó tó ti Èkó dé, ó sì kú sórí àtẹ̀gùn ní North Peckham. Ẹkùn Harman ni. Ní 2008, nígbà tí òun àti ọlọ́pàá jọ rìn yí Peckham ká, ó wọ ẹ̀wù tí ọ̀bẹ kì í wọ̀. Ìwé ìròyìn gbé fọ́tò náà jáde, ariwo ta. Mínísítà tó ń sọ pé ìlú tòrò ń bo àyà nítorí ọ̀bẹ ní àdúgbò tirẹ̀. Àwọn kan ní Peckham kò dárí rẹ̀ jì í.

Ṣùgbọ́n ní 2010, nígbà tó wà nídìí ọ̀rọ̀ ìrànwọ́ ilẹ̀ òkèèrè fún ẹgbẹ́ alátakò, ó yin àwọn tó ń fi owó ránṣẹ́ sílé ní Áfíríkà, ó ní akọni ni wọ́n, ìjọba ì bá dín owó orí wọn kù. Wọ́n bú u nítorí pé àwọn kan nínú wọn ń gba owó ìrànwọ́. Ẹni tó bá ti dúró lórí ìlà ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń fowó ránṣẹ́ ní Peckham lọ́jọ́ Sátidé mọ ohun tó ń wí.

Kí ni aṣòfin ń ṣe ládùúgbò ná? N kò tíì bá Harman ṣiṣẹ́ rí, ṣùgbọ́n mo ti ṣe ògbufọ̀ fún ìyá àgbàlagbà kan, ará Ìjẹ̀bú-Igbó, lọ́dọ̀ aṣòfin kan ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù. Gbọ̀ngàn kékeré kan ni, àga rọ́bà ló kún ibẹ̀, wọ́n fún oníkálukú ní nọ́ńbà. Mẹ́rìndínlógún ni tiwa. Inú ọ̀rá ṣọ́ọ̀bù ni màmá kó lẹ́tà iléeṣẹ́ tó ń rí sí ìwọ̀lú sí, ó fi rọ́bà dè é ní ọdún dé ọdún. Nígbà tó kàn wá, màmá kúnlẹ̀ kí aṣòfin. Obìnrin yẹn dìde lójijì, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, kò mọ̀ bóyá kó gbé e ni àbí kí òun náà kúnlẹ̀. Ó béèrè ìbéèrè mẹ́ta péré: orúkọ, àdírẹ́ẹ̀sì, nọ́ńbà tó wà lókè lẹ́tà. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó jókòó tì í ń kọ ọ́ sílẹ̀. Màmá ní kí n bi í léèrè bóyá aṣòfin yẹn ló máa fọwọ́ sí físà ẹ̀gbọ́n òun. Aṣòfin mi orí, ó ní òun kò lágbára kankan lórí físà, òun kàn lè béèrè ni, ṣùgbọ́n tí òun bá béèrè, wọ́n gbọ́dọ̀ dáhùn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ẹ̀dà lẹ́tà dé sílé màmá, àwòrán ilẹ̀kùn onírin ilé aṣòfin lórí rẹ̀. Èsì náà ni pé wọ́n ṣì ń yẹ̀ ẹ́ wò. Màmá fi lẹ́tà yẹn sínú Bíbélì, ó ní ó kéré tán, àwọn òyìnbó ti mọ̀ pé òun ní ẹ̀gbọ́n.

Ní ẹkùn bíi Peckham, ọ̀rọ̀ físà àti ọ̀rọ̀ ilé gbígbé ló pọ̀ jù nínú irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣírò rẹ̀ lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀ fún ọdún 41.

Ní oṣù Kẹfà 2017, ó di Ìyá Ilé, obìnrin tó ti pẹ́ jù nílé láìdáwọ́ dúró. Ẹ rántí ọ̀rọ̀ jákẹ́ẹ̀tì àti ìkókó? Ní oṣù Kejì 2018, ilé gba àbá tó gbé wá wọlé, pé kí aṣòfin tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ lè yan ẹni tí yóò bá a dìbò. Wọ́n gbà á, wọn kò fi í ṣiṣẹ́. Ó di oṣù Kìn-ín-ní 2019, lásìkò ìjà ìjáde kúrò nínú àjọ Yúróòpù, kí aṣòfin kan, Tulip Siddiq, sún ọjọ́ iṣẹ́ abẹ ìbímọ rẹ̀ síwájú, kí wọ́n fi kẹ̀kẹ́ aláìsàn tì í wá dìbò, kí ojú tó ti ilé náà. Láàárín oṣù yẹn ni ètò náà bẹ̀rẹ̀. Ọdún 36 lẹ́yìn tí Harman bímọ àkọ́kọ́.

Iṣẹ́ ńlá ìkẹyìn rẹ̀ ni ti Boris Johnson, tó ti ṣe olóòtú ìjọba. Òun ni alága ìgbìmọ̀ aṣòfin méje tó yẹ̀ ẹ́ wò bóyá Johnson ṣi ilé lọ́nà lórí àwọn àríyá tó wáyé lọ́fíìsì rẹ̀ lásìkò àjàkálẹ̀ àrùn. Conservative mẹ́rin ló wà nínú àwọn méje náà, nítorí náà ẹni tó bá ní ìjà ẹgbẹ́ ni, kó ka iye wọn. Ọkọ rẹ̀, Dromey, tí òun náà ti di aṣòfin láti 2010, kú ní oṣù Kìn-ín-ní 2022, oṣù díẹ̀ kó tó gba iṣẹ́ yìí. Johnson rí ohun tí ìgbìmọ̀ fẹ́ kọ, ó fi ilé sílẹ̀ kí ìwé tó jáde. Ní oṣù Kẹfà 2023 ìgbìmọ̀ ní tó bá ṣì wà níbẹ̀, ọjọ́ 90 ni àwọn ì bá ní kó fi jókòó sílé. Aṣòfin 354 fọwọ́ sí i, 7 kọ̀.

Ní ìbò 2024, kò díje mọ́. Oyè Ìyá Ilé bọ́ sọ́wọ́ Diane Abbott ti Hackney, tó wọlé ní 1987. Wọ́n sọ Harman di ọmọ ilé àwọn Lọ́ọ̀dù, ìyẹn ilé aṣòfin kejì tí wọn kì í dìbò yan èèyàn sí, ó sì fi Peckham kún orúkọ oyè rẹ̀.

Ó wá ku ti ẹ̀gbọ́n yín. Kó má kọ̀wé sí Harman. Àwọn tó wà nílé àwọn Lọ́ọ̀dù kò ní ẹkùn, wọn kì í gba irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Miatta Fahnbulleh, tí wọ́n bí ní Làìbéríà, ló wọlé ní Peckham ní 2024, ọ́fíìsì rẹ̀ ló yẹ kó kọ̀wé sí. Ṣùgbọ́n wọ́n tún ààlà ẹkùn pín ṣáájú ìbò yẹn, apá kan Camberwell ti bọ́ sí ẹkùn mìíràn, nítorí náà kó kọ́kọ́ fi kóòdù àdírẹ́ẹ̀sì rẹ̀ wo ẹni tí aṣòfin rẹ̀ í ṣe lórí ìkànnì ilé aṣòfin. Kó kọ àdírẹ́ẹ̀sì ilé náà ní kíkún sínú lẹ́tà, nítorí aṣòfin kì í dá sí ọ̀rọ̀ ẹni tí kì í ṣe ará ẹkùn rẹ̀. Kó sì fi nọ́ńbà tó wà lókè lẹ́tà físà ọmọ rẹ̀ sí i, kó pa ẹ̀dà kan mọ́ sọ́wọ́.